Mo rí Postinor nínú báàgì ọmọ mi obìnrin, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáRòfíà_GáàÀkànbí · Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ níbí, n kì í dá sí i. Lónìí ọ̀rọ̀ ti kan ilé mi.

Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 17 ní oṣù tó kọjá. SS3 ló wà, WAEC ló ń múra sílẹ̀ fún. Ọmọ tó ń kéwú ni, ó ti ṣe wọ́límà. Lánàá mo fẹ́ fọ báàgì ilé ìwé ẹ̀ torí pé èèpo ẹ̀pà ti kún inú ẹ̀, ni mo bá rí páálí kékeré kan tí wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Mo mú un lọ bá ìyàwó àbúrò ọkọ mi, òun ló sọ fún mi pé oògùn tí àwọn ọmọbìnrin ń lò kí wọ́n má baà lóyún ni. Hóró kan ló wà nínú ẹ̀, wọn ò tíì yọ ọ́.

Kí n má purọ́, mo gbá a létí. Mo tún fi orógùn bá a. Ó sunkún títí, ó ní kì í ṣe tòun, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó ni ín. Láti ìgbà yẹn kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń fọ abọ́, ó ń pọnmi, ó ń lọ sílé ìwé, ẹnu ẹ̀ ló ti dí pa. Bàbá wọn wà ní Kàdúná, wọn ò tíì gbọ́. Àmọ́ àǹtí ọkọ mi ti gbọ́, wọ́n ní kí n gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti mọ ọkùnrin.

Ṣé kí n gbé e lọ? Tó bá jẹ́ pé ó ti lo òmíràn tẹ́lẹ̀ ńkọ́, ṣé ilé ọmọ ẹ̀ ò tíì bàjẹ́? Mo ní ọmọkùnrin kan náà, ó wà ní Pólì, ó ń wálé lópin ọ̀sẹ̀. Òun ò fún mi ní wàhálà kankan rí.

BàbáSódíìq · Ọjọ́ Ajé, 9:52 alẹ́

Ẹ gba fóònù ọwọ́ ẹ̀ kíá. Inú fóònù ni gbogbo ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ dẹ̀ gbé e lọ síbi tí àǹtí ọkọ yín wí, kí ojú lè là. Tí a bá ń fọwọ́ rọra mú ọmọ ìwòyí, oyún ni wọ́n máa fi kí wa káàárọ̀. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo ní, kò sí èyí tó jẹ́ dán irú ẹ̀ wò.

ÀǹtíỌ̀mùÀrán · Ọjọ́ Ajé, 9:58 alẹ́

Ìyá Ròfíà, ẹ má gbé e lọ síbì kankan. Ilẹ̀ ti ṣú, mo máa kọ tèmi lọ́la. Ẹ kàn kọ́kọ́ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó fẹ́ ba ayé ara ẹ̀ jẹ́ kì í fi owó oúnjẹ ra oògùn kí ayé má baà bàjẹ́.

Oníkẹ́mísì_Tánkẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 10:31 alẹ́

Ọdún 11 ni mo ti ń ta oògùn ní Tánkẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí.

Levonorgestrel ni orúkọ oògùn yẹn gan-an, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn páálí. Àwọn kan jẹ́ hóró kan, miligíráàmù 1.5. Àwọn kan jẹ́ hóró méjì, 0.75 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, èèyàn lè gbé méjèèjì mì pọ̀. Wákàtí 72 ló ní. Tó bá ti kọjá ìyẹn, ẹ ti fowó ṣòfò. Bí èèyàn bá ṣe tètè lò ó tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, tòní dára ju tọ̀la lọ.

Ẹ má rò pé àwọn ọmọ jàǹdùkú ló ń rà á. Ìyàwó ilé pọ̀ nínú wọn ju bí ẹ ṣe lérò lọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń dé lákòókò mọ̀ríbì, nígbà tí ojú ọ̀nà ṣókùnkùn díẹ̀. Wọ́n á dúró títí èrò á fi tán, wọ́n á wá fi orúkọ ẹ̀ hàn mí lórí fóònù, wọn ò ní í la ẹnu. Ọkùnrin tó máa wọlé wá rà á fúnra ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ìta ni wọ́n ń dúró sí, lórí ọ̀kadà, wọ́n á rán obìnrin wọlé.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ń wá ra Ampiclox láti fi lé oyún. Oògùn kòkòrò àìsàn ni Ampiclox, kò kan oyún rárá. Omi iyọ̀ náà, ọsàn wẹ́wẹ́ àti kán-ún náà, gbogbo wọn ò ṣe nǹkan kan ju kí wọ́n da inú rú lọ.

Àmọ́ ẹ bá ọmọ yín sọ ọ́ gidi, torí pé tí wọ́n bá ń lo Postinor bí ẹni ń jẹ bisikíìtì, ilé ọmọ máa bàjẹ́ ni.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀ffà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:12 àárọ̀

Ẹnu iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ka èyí, mo ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Oníkẹ́mísì, ẹ ṣeun, ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ kọ ló tọ́, ṣùgbọ́n ibi méjì lẹ ti ṣì í.

Èkíní, kì í ṣe pé owó ṣòfò lẹ́yìn wákàtí 72. Agbára ẹ̀ ń dín kù ni, ó sì ṣì lè ṣiṣẹ́ títí dé wákàtí 120, ìyẹn ọjọ́ 5. Mo ti rí ọmọbìnrin tí wọ́n lé padà ní kẹ́mísì ní ọjọ́ kẹrin tó sì wá gboyún. Tí ẹni tó lò ó bá bì láàárín wákàtí 2, kí ó tún òmíràn lò.

Èkejì, kò ba ilé ọmọ jẹ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dá ẹyin obìnrin dúró kó má tíì jáde, torí pé àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún ọjọ́ 5 tó ń retí ẹyin. Tí oyún bá ti dúró ṣáájú, kò lè bà á jẹ́. Kì í ṣe oògùn ìṣẹ́yún. Ẹni tó ń lò ó léraléra, nǹkan oṣù ẹ̀ á máa ṣe ségesège, èébì á máa gbé e, orí á máa fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ bímọ lọ́jọ́ iwájú, á bí i. Ìdí tí a fi ń sọ pé kí wọ́n má sọ ọ́ di àṣà ni pé kò lágbára tó àwọn èyí tí à ń ṣe déédéé: abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń fi sí apá fún ọdún 3 tàbí 5, tàbí kọ́pà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ tó lè lo ọdún 10. Nínú gbogbo wọn, kọ́ńdọ̀mù nìkan ló ń dènà oyún tó tún ń dènà àtọ̀sí àti kòkòrò HIV. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe Postinor ní ààbò, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: kò dènà àrùn kankan.

Ìyá Ròfíà, ó wá ku ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò tí àǹtí yín sọ. Kò sí nọ́ọ̀sì, kò sí dókítà tó lè yẹ obìnrin wò kó sọ bóyá ó ti mọ ọkùnrin tàbí kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí Ọlọ́run ṣe dá ara obìnrin kan kọ́ ló dá ti èkejì. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ láti 2018 pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè fòpin sí irú àyẹ̀wò yẹn, torí pé kò fi nǹkan kan hàn, ìtìjú àti ọgbẹ́ ọkàn ló ń dá sílẹ̀. Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín láti ṣe é ti jà yín lólè.

Tí ẹ bá tún ní ọmọbìnrin kékeré nílé, tó wà láàárín ọdún 9 sí 14, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ HPV fún un. Ó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un, ọ̀fẹ́ sì ni. 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó kan Kwara ní 2024. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti gbọ́ pé ó ń sọ ọmọ di àgàn. Irọ́ ni.

Ìyàwó_Kúlẹndé · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:03 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, mo bá yín rò ó o, ṣùgbọ́n ẹ sọ ìyókù. Ọdún 19 ni mí nígbà tí mo lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan, mi ò ní í dárúkọ ẹ̀. Ìyá tó jókòó sídìí tábìlì wò mí láti orí dé àtàǹpàkò, wọ́n ní "Ọkọ ẹ dà?" Lójú gbogbo èrò. Mo yí padà síbi tí mo ti wá. Kẹ́mísì ni mo gbà lọ, oníkẹ́mísì ò bi mí ní ọkọ, owó ló bi mí.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀ffà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀

Mi ò lè jiyàn. Mo ti gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ojú sì tì mí. Ní tòótọ́, láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ ìfètò-sọ́mọ-bíbí di ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bóyá kí wọ́n ní kí ẹ mú owó ìbọ̀wọ́ àti òwú wá. Ọ̀fẹ́ náà ò wúlò fún ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lé jáde. Ìmọ̀ràn mi: ẹ lọ lọ́sàn-án lẹ́yìn aago 1, èrò àwọn aláboyún ti dín kù, ẹ ní nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ìfètò-sọ́mọ-bíbí lẹ fẹ́ rí, ẹ má sọ ohun tí ẹ wá ṣe fún ẹni tó ń kọ káàdì.

BàbáSódíìq · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 àárọ̀

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lórí ọmọ ọdún 17? Ṣé a wá kọ́ wọn ní sìná ni? Ìlọrin la wà o, kì í ṣe Amẹ́ríkà. Alfa dà?

Alfa_Pákàtà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:44 ọ̀sán

Salamu alaikun. Bàbá Sódíìq, mo wà níbí, iléèwé kéwú ni mo ti ń bọ̀.

Sìná, haramu ni. Mi ò ní í fi íńtánẹ́ẹ̀tì yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí à ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní kéwú. Kí ọmọ tó mọ ìwẹ̀ jànábà, ìyẹn ìwẹ̀ tí èèyàn ń wẹ̀ tí àtọ̀ bá jáde tàbí lẹ́yìn ìbálòpọ̀, kí ọmọbìnrin tó mọ ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kírun àti ọjọ́ tí ààwẹ̀ kúrò lọ́rùn ẹ̀, ṣé kò ní í mọ ohun tó fà á? Láti ọmọ ọdún 11, 12 la ti ń ka fíkì, ìyẹn ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn, fún wọn, pẹ̀lú àtọ̀ àti nǹkan oṣù nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é ní ìbàjẹ́. Àíṣà ìyàwó Ànábì yin àwọn obìnrin Ánsárì, ìyẹn àwọn ará Mẹ̀dínà, pé ìtìjú ò dí wọn lọ́wọ́ láti mọ ẹ̀sìn wọn. Àwọn sàhábà, ìyẹn àwọn tó bá Ànábì rìn, sọ pé àwọn ń da àtọ̀ síta kí oyún má baà dúró, nígbà tí Kùránì ń sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́. Láàárín tọkọtaya nìyẹn o, ẹ má gbà á sódì. Mo mú un wá kí ẹ lè mọ̀ pé ìmọ̀ ẹ̀ kì í ṣe èèwọ̀.

Èyí tó jẹ mí lógún jù lọ ni ti àǹtí ọkọ. Súúrà Núúr, áyà kẹrin: ẹni tó bá fi sìná kan obìnrin tó mọ́, tí kò mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá, 80 ẹgba ni, a ò sì ní í gba ẹ̀rí ẹ̀ mọ́. Páálí oògùn kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ìyá Ròfíà, ẹni mélòó lẹ ti sọ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí fún?

ÌyáRòfíà_GáàÀkànbí · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:10 ọ̀sán

Àwọn méjì ni, Alfa. Àǹtí ọkọ mi àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi. Ṣùgbọ́n àǹtí ọkọ mi, ẹ mọ bí ẹnu wọn ṣe rí.

Tíṣà_AjàṣẹÌpo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ń kọ́ báyọ́lọ́jì. Láti 2003 ni ẹ̀kọ́ FLHE ti wọ ilé ìwé, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìgbé ayé ẹbí àti HIV. Ní ọ̀pọ̀ ibi, tíṣà kàn ń fò ó kọjá ni, á ní kí àwọn ọmọ lọ kà á nílé. Ní 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Adamu Adamu, ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ àwọn kéékèèké, pé òbí àti ilé ìjọsìn ni kó máa kọ́ wọn. Ó dára. Ẹ̀yin òbí tó wà níbí, ta ló ti kọ́ tiẹ̀?

Mo lu ihò sórí agolo mílíìkì kan, mo gbé e sẹ́yìn kíláàsì, mo ní kí wọ́n kọ ohun tó bá wù wọ́n láìkọ orúkọ. Ohun tí mo bá nínú ẹ̀ nìyí: Ṣé téèyàn bá fò sókè lẹ́ẹ̀meje lẹ́yìn ẹ̀, oyún ò ní í dúró? (Á dúró.) Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ lè di oyún? (Ó lè dì í.) Ẹni tí kò tíì rí nǹkan oṣù rí ńkọ́? (Òun náà lè lóyún, torí pé ẹyin ló ń kọ́kọ́ jáde kí nǹkan oṣù tó dé.) Ọmọkùnrin kan béèrè bóyá àìsàn ló ń ṣe òun tí ibùsùn òun fi ń tutù lóru. Ọmọ yẹn ti ń lo àgbo láti oṣù mẹ́ta.

Ìwé kan wà níbẹ̀ tí mi ò fi sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. "Bọ̀ọ̀dá kan ní kí n máa wá sílé àwọn lẹ́yìn lẹ́sìnnì. Kí ni kí n sọ?"

Ìyá Ròfíà, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀wò. Gbogbo wa ń bi yín bóyá ó ti ṣe é. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ bi í bóyá ẹnì kan ń fipá mú un. Lójú òfin, ọmọdé ṣì ni ẹni tí kò tíì pé 18. Tó bá jẹ́ pé àgbàlagbà kan ló ń dààmú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orógùn. Ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò pọ̀ gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, torí oògùn tó ń dènà HIV, kó má tíì wẹ̀, kó má tíì fọ aṣọ tó wọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìyẹn.

ÀǹtíỌ̀mùÀrán · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:47 alẹ́

Mo ti délé. Tíṣà, ẹ ṣeun fún agolo yẹn, ì bá ti wà nígbà tèmi.

2009, mo wà ní SS2, ọdún 16 ni mí. Ọmọkùnrin náà, kíláàsì kan náà la wà. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé téèyàn bá ti mu omi iyọ̀ gbígbóná lẹ́yìn ẹ̀, kò séwu. Mo mu ife ńlá méjì, mo bì í lójú ibẹ̀. Nígbà tí nǹkan oṣù ò dé, mo po kán-ún mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́. Inú rírun yẹn kù díẹ̀ kó gbẹ̀mí mi. Oyún ò mira.

Ilé ìwé ní kí n máa lọ sílé. Ọmọkùnrin náà jókòó sórí àga ẹ̀, ó ṣe WAEC, ó wọ yunifásítì. Wọn ò tiẹ̀ pe bàbá ẹ̀. Bàbá tèmi ò bá ìyá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílẹ̀ wa: ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá. Wọ́n ní ìyá mi ò kọ́ mi. Òótọ́ ni, wọn ò kọ́ mi. Bàbá mi náà ò kọ́ mi, tíṣà ò kọ́ mi, pásítọ̀ ò kọ́ mi. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá mi sọ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù ni pé "tí ọkùnrin bá ti fọwọ́ kàn ẹ́, oyún ni." Ọkùnrin fọwọ́ kàn mí nínú mọ́tò, wọ́n fọwọ́ kàn mí lọ́jà, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oyún ò dé. Mo wá gbà pé gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa oyún, irọ́ ni.

Ìyá àgbà mi ló gba ọmọ lọ́wọ́ mi tó ní kí n padà sílé ìwé. Ìlú mìíràn ni mo lọ, mo jókòó láàárín àwọn tí mo fọdún mẹ́ta jù lọ, wọ́n ń pè mí ní "Màámà". Mo pé ọdún 21 kí n tó ṣe WAEC. Ọmọ mi ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì báyìí, obìnrin ni. Mo ti bá a sọ gbogbo ẹ̀, láìfi oyún dẹ́rù bà á.

Bàbá Sódíìq, ẹ ní ọmọbìnrin mẹ́ta. Bàbá mi náà ní kò sí èyí tó jẹ́ dán an wò.

ỌmọÌgbómìnà_Òró · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:30 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ọmọdé ni mí láàárín yín. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ìyá Ròfíà, ẹ ti yẹ báàgì ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà ní Pólì wò rí?

Ẹ ní kò fún yín ní wàhálà. Èmi náà ò fún ìyá mi ní wàhálà, torí pé wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Àbúrò mi obìnrin gbọ́dọ̀ wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, èmi lè wọlé ní aago 11. Òun ló ń fọ aṣọ mi. Ohun tí mo mọ̀ nípa kọ́ńdọ̀mù, ẹnu ọ̀rẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ, kò sí èyí tó tọ́ níbẹ̀: ó ní kí n máa wọ méjì pọ̀, kí n máa tọ́jú ẹ̀ sínú pọ́ọ̀sì, kí n máa fi fasilíìnì pa á. Ìgbà tí mo dé àgùnbánirọ̀ ni nọ́ọ̀sì kan ní ibùdó tó sọ fún wa pé méjì pọ̀ máa ń fa ara wọn ya, ooru ń ba ti inú pọ́ọ̀sì jẹ́, fasilíìnì ń jẹ rọ́bà. Ọdún 24 ni mí nígbà yẹn.

ÌyáRòfíà_GáàÀkànbí · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:41 alẹ́

Mo gbọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kì í lóyún.

Tíṣà_AjàṣẹÌpo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:44 alẹ́

Kì í lóyún, ìyá mi. Òun ló ń fún èèyàn.

Alábòójútó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:02 alẹ́

Mo ti pa ọ̀rọ̀ méjì rẹ́ tí wọ́n dárúkọ ilé ìwé àti tíṣà kan nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ sí orí ohun tí à ń sọ.

ÌyáRòfíà_GáàÀkànbí · Ọjọ́rú, 1:05 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Lálẹ́ àná iná ò sí. Mo pè é wá kí n bá a tú irun ẹ̀, ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tó wà ní kékeré. Mo bi í ní ohun tí Tíṣà ní kí n bi í: ṣé ẹnì kan ń fipá mú ẹ? Ó dákẹ́. Ó wá ní rárá. Ó ní, "Màámi, kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n rán mi."

Ọmọ tí kò fún mi ní wàhálà. Ó ní ọ̀rẹ́bìnrin ní Pólì, ọmọ ọdún 20 ni òun náà. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ṣẹlẹ̀. Ó dé sílé ní Àbámẹ́ta, ojú tì í láti wọ kẹ́mísì àdúgbò torí pé wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ bàbá ẹ̀, ló bá fún àbúrò ẹ̀ lówó. Ọmọbìnrin náà yóò wá gbà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Èmi ti rí i kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Mo pè é lórí fóònù lálẹ́ àná, kò sẹ́. Ẹ tiẹ̀ mọ ohun tó dùn mí jù? Ó wà ní pálọ̀ nígbà tí mo ń na àbúrò ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó dìde, ó lọ sí Pólì.

Ẹ gbà mí, báwo ni ìyá ṣe ń bẹ ọmọ ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀ffà · Ọjọ́rú, 1:11 ọ̀sán

Ìyá Ròfíà, ẹ dá ìyẹn dúró ná. Ọmọbìnrin Pólì yẹn, ṣé ó rí oògùn mìíràn lò? Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì sí alẹ́ òní ni wákàtí 120. Ẹ pe ọmọkùnrin yín nísinsìnyí.

ÌyáRòfíà_GáàÀkànbí · Ọjọ́rú, 1:19 ọ̀sán

Kò lò ó. Ó ní ẹ̀rù ba òun láti tún wá òmíràn. Omi iyọ̀ ni wọ́n fún un.

ÀǹtíỌ̀mùÀrán · Ọjọ́rú, 1:20 ọ̀sán

Omi iyọ̀! Láti 2009!

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀ffà · Ọjọ́rú, 1:24 ọ̀sán

Kí àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́sàn-án yìí, kì í ṣe kó rán an lọ. Kí wọ́n béèrè kọ́pà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ. Tí wọ́n bá fi sí i kí ọjọ́ 5 tó pé, òun ló lágbára jù láti dènà oyún, ju hóró oògùn lọ. Tí ọmọbìnrin náà ò bá fẹ́ ẹ, òun ló ni ara ẹ̀, kó gbé hóró oògùn mì lójú ẹsẹ̀. Lọ́nà méjèèjì, kó ṣe àyẹ̀wò oyún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, kí àwọn méjèèjì sì ṣe àyẹ̀wò HIV.

Oníkẹ́mísì_Tánkẹ̀ · Ọjọ́rú, 1:30 ọ̀sán

Nọ́ọ̀sì, ká sọ pé èmi ni wọ́n wá bá lónìí, mi ò bá ti lé wọn padà pé ó ti kọjá 72. Mo ti gbọ́.

ÌyáRòfíà_GáàÀkànbí · Ọjọ́rú, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ti lọ. Hóró oògùn ló lò, ó ní òun á ronú sí kọ́pà. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá níbẹ̀ ò bi wọ́n ní ọkọ o, Ìyàwó Kúlẹndé. Mo ti fi bírò pupa yí ọjọ́ àyẹ̀wò sórí kàléńdà ilé ìdáná.

BàbáSódíìq · Ọjọ́rú, 8:05 alẹ́

Mi ò tíì rí ibi tí ìyá ti ń bẹ ọmọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti gba fóònù ọwọ́ ẹ̀ torí ohun tí mo sọ, ẹ dá a padà fún un.

Alfa_Pákàtà · Ọjọ́rú, 8:40 alẹ́

Ẹ bẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀bẹ̀ inú yàrá nìkan ò tó. Ibi tí ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ dé ni kí ẹ ti lọ gbé e padà.

ÌyáRòfíà_GáàÀkànbí · Ọjọ́bọ̀, 5:58 àárọ̀

Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Mo ní, "Ròfíà, mo ṣì ẹ́ nà." Kò sọ nǹkan kan, ó ń ká ẹní. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ ti sọ fún Àǹtí?" Mo ní mo máa lọ tí mo bá ti pàtẹ tán. Ó ní kí n dúró dé òun, òun á ti ilé ìwé dé ní aago 2, òun fẹ́ wà níbẹ̀ kí etí òun gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ti kó aṣọ ẹ̀ tó dọ̀tí jọ sínú bàsíà, mo gbé ọṣẹ lé e lórí. Ó máa bá a níbẹ̀.